Ẹsẹ̀ ológun tí òtútù pa

Ìbéèrè: Ọmọ mi wọṣẹ́ ológun Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní ẹsẹ̀ òun kú tipiri nínú ẹrọ̀fọ̀ tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́, ó sì ń ta á lálẹ́. Ṣé kó máa yáná ni, kí n sì fi òrí ránṣẹ́? Ìyá kan, Kọ́bapẹ́.

Ìdáhùn: Ẹ kú ọ̀rọ̀ ọmọ, mà. Ẹ jọ̀ọ́, kó má yáná, kó má sì fọwọ́ ra á: ẹsẹ̀ tó kú kì í mọ̀ pé iná ń jó òun. Òrí ò lè dí òtútù lọ́nà. Kó bọ́ bàtà àti ìbọ̀sẹ̀ tó tutù, kó nu ẹsẹ̀ gbẹ, kó gbé e sókè, kó jẹ́ kó móoru díẹ̀díẹ̀. Awọ tó bá dì gbagidi bíi yìnyín nìkan ni wọ́n ń rì bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ìwọ̀n 37 sí 39 lórí òṣùwọ̀n Celsius, níṣojú oníṣègùn.

Kò dìgbà tí yìnyín bá bọ́ kí òtútù tó pa ẹsẹ̀. Òtútù àti omi tó pẹ́ lẹ́sẹ̀ tó ṣe é. Àwọn dókítà ológun Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ti rí i pé irú ìpalára òtútù yìí ń mú àwọn ọmọ Áfíríkà ju àwọn òyìnbó lọ, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má pe ọmọ yín lọ́lẹ. Kó lọ rí dókítà bárékè wọn lónìí, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀, torí ẹsẹ̀ tó ti ṣe lẹ́ẹ̀kan kì í pẹ́ tún ṣe. Ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, kó pọ̀ tó èyí tí yóò máa pààrọ̀.