Ara Ríro àti Oògùn Tí Ń Dá A Dúró

Iṣẹ́ obì kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ ní ilẹ̀ Rẹ́mọ. Ọkùnrin a gun igi lọ já a. Obìnrin a là á, a rẹ ẹ́ sínú omi, a bó o, a sì fi ewé tẹ́ inú apẹ̀rẹ̀ kí ó tó dà á sí i fún àwọn oníṣòwò tí ń bọ̀ wá ra obì ní Ṣágámù. Bí ẹsẹ̀ àgbẹ̀ bá yẹ̀ lórí igi, tí ó sì fi orúnkún gbálẹ̀, kò ní pẹ́ tí orúnkún náà yóò fi wú, tí yóò gbóná, tí yóò sì máa ro ó gidigidi. Ta ni ó ránṣẹ́ pe ìrora wá síbẹ̀?

Ara fúnra rẹ̀ ni. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a fi ọ̀rá ṣe ni ó bo ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn sẹ́ẹ̀lì inú ara wa. Ọ̀rá kan tí ó ń jẹ́ arachidonic acid wà ní ìpamọ́ nínú awọ yìí. Nígbà tí ara bá fara pa, a óò já ọ̀rá náà kúrò ní ipò rẹ̀, ẹ́ńsáìmù kan tí ó ń jẹ́ cyclooxygenase yóò sì gbà á. Ẹ́ńsáìmù ni òṣìṣẹ́ inú ara tí ń sọ nǹkan kan di òmíràn, tí òun tìkára rẹ̀ kì í sì í tán sínú iṣẹ́ náà. Láti ọwọ́ òṣìṣẹ́ yìí ni àwọn ìránṣẹ́ tí a ń pè ní prostaglandin ti ń jáde. Àwọn ni wọ́n ń la ọ̀nà fún ẹ̀jẹ̀ kí ó rọ́ wá síbi tí ó fara pa, àwọn náà ni wọ́n sì ń mú kí iṣan ìmọ̀lára tètè gbọ́ ìrora. Nítorí náà, ìrora kì í ṣe ọ̀tá. Agogo ni, tí ń kìlọ̀ fún ènìyàn pé kí ó sinmi.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọ̀rá ni ẹ́ńsáìmù yìí ń gbà. Ọ̀nà tóóró kan ni ó wọ inú rẹ̀ lọ, bí ihò àgádágodo. Arachidonic acid ní átọ́ọ̀mù kábọ́ọ̀nù 20, ó sì ní ìdè onílọ́po méjì 4 tí ó mú kí ó tẹ̀, kí ó lè bá ọ̀nà náà mu rẹ́gí. Ọ̀rá mìíràn wà nínú ẹja òkun bíi títọ́ọ̀sì àti sàdíìnì, tí òun náà ní kábọ́ọ̀nù 20, ṣùgbọ́n tí ìdè rẹ̀ jẹ́ 5. Ó lè wọlé, àmọ́ ẹ́ńsáìmù kì í yára ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ó dà bí kọ́kọ́rọ́ tí ó wọ ihò tí kò yí dáadáa. Níwọ̀n ìgbà tí ó bá sì wà níbẹ̀, kọ́kọ́rọ́ gidi kò ní àyè.

Ọ̀nà tóóró yìí ni oògùn ara ríro ń dí. Ní ọdún 1763, àlùfáà Edward Stone ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé nípa èèpo igi kan tí ó fi wo ibà sàn. Ní ọdún 1897, Felix Hoffmann ṣe aspirin ní ilé-iṣẹ́ Bayer ní Jámánì. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí ó mọ bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ títí di ọdún 1971, nígbà tí John Vane fi hàn ní Lọ́ńdọ̀nù pé ó ń dá prostaglandin dúró. Òun àti Bergström àti Samuelsson, ará Sweden, ni wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1982. Aspirin a máa fi díẹ̀ lára ara rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọ̀nà náà, kò sì ní kúrò mọ́ títí ara yóò fi ṣe ẹ́ńsáìmù tuntun. Ibuprofen ní tirẹ̀ a jókòó díẹ̀, a sì dìde.

Ibi tí ewu wà rèé. Oríṣi ẹ́ńsáìmù yìí méjì ni ó wà. Èkínní ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́: ó ń dáàbò bo inú ikùn, ó sì ń ran ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ láti dì. Èkejì ni ó máa ń pọ̀ sí i nígbà tí ara bá fara pa. Aspirin àti ibuprofen kò mọ èwo ni èwo. Bí wọ́n ti ń pa ìrora ni wọ́n ń tú odi inú ikùn. Àwọn onímọ̀ wá rí i pé níbi tí èkínní ti ní èròjà isoleucine, valine tí ó kéré jù ú lọ ni èkejì ní, àyè kékeré kan sì ṣí sílẹ̀ níbẹ̀ bí yàrá lẹ́bàá ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ṣe oògùn tí ó lè wọ yàrá náà. Vioxx, tí ó jáde ní ọdún 1999, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ Merck kó o kúrò lọ́jà ní ọdún 2004, nítorí ó ń dá kún àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀. Ohun tí a pè ní ọ̀tá pẹ̀lú ní iṣẹ́ rere tirẹ̀.

Orógbó náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní ọdún 2009, onímọ̀ kan láti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kòríà fi hàn pé kolaviron, èròjà inú orógbó, ń dín ẹ́ńsáìmù kejì kù nínú ẹ̀dọ̀ eku tí a fún ní májèlé. Kò dí ọ̀nà. Ńṣe ni kò jẹ́ kí ara ṣe ẹ́ńsáìmù náà lọ́pọ̀. Ṣùgbọ́n eku kì í ṣe ènìyàn, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ torí èyí sọ orógbó di oògùn gbogbo àrùn.

Ẹni tí ń ra oògùn ara ríro ní ibùdókọ̀, tí ó tún ń fi àgbo ọlọ́tí lé e, lè máa gbé oògùn kan náà mì lábẹ́ orúkọ mẹ́ta. Inú rẹ̀ lè dá egbò, kíndìnrín rẹ̀ sì lè bàjẹ́. A kì í fún ọmọdé tí ibà ń ṣe ní aspirin láìgba àṣẹ dókítà. Bí ìgbẹ́ ẹni tí ń lo irú oògùn bẹ́ẹ̀ bá dúdú bí ọ̀dà, ẹ̀jẹ̀ lè máa dà nínú ikùn rẹ̀; kí a yára gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn. Àgbà ní a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná.

Ìbéèrè
1. Kí ni iṣẹ́ prostaglandin nínú ara?
2. Báwo ni ọ̀rá inú ẹja òkun ṣe yàtọ̀ sí arachidonic acid?
3. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin bí aspirin àti ibuprofen ṣe ń dí ọ̀nà?
4. Kí ló dé tí oògùn tí ń pa ìrora fi lè pa inú ikùn lára?