Àpótí Ìmọ̀: Ọ̀nà Àgbélébùú Nínú Aṣọ Àdìrẹ

Ní 1958, bí òmìnira ti ń sún mọ́lé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà kan dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Zaria. Wọ́n ní ẹ̀kọ́ òyìnbó dára, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ lé ọnà ilé jáde. Ọ̀kan nínú wọn ni Bruce Onobrakpeya, ọmọ Agbarha-Otor (ará Ùròbò ni o, kì í ṣe Yorùbá).

Lẹ́yìn òmìnira, Fadá Kevin Carroll gbé iṣẹ́ fún un. Fadá yìí ló wà nídìí ilé iṣẹ́ ọnà Ọ̀yẹ́-Èkìtì, níbi tí Lamidi Fakeye ti gbẹ́gi. Iṣẹ́ náà ni kíkun àwòrán Ọ̀nà Àgbélébùú (ìrìn ìjìyà Jésù), ibùdó 14, sára ògiri ìjọ Páàdì ti Pọ́ọ̀lù Mímọ́ ní Èbúté-Mẹ́ta. Ẹ wo aṣọ tí Onobrakpeya wọ̀ fún àwọn ènìyàn inú rẹ̀: ọnà àdìrẹ ló kún ara wọn! Lójú tèmi, ìfẹ́ ilẹ̀ baba tó wà nínú aṣọ yẹn ju ti ẹgbàá àsíá lọ. Kò dá Jésù dúró sí Jerúsálẹ́mù. Ó mú un wá sáàárín wa.

Ó tún fi línò (ohun ìtẹ́lẹ̀ pẹrẹsẹ tí wọ́n ń gbẹ́ ọnà sí) tẹ àwọn àwòrán náà sórí bébà ní 1969. Ní 2023, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé High Museum ní Atlanta pàtẹ wọn.