Orí Kẹfà: Bí Òjò Bá Ń Já Wa Láyà

Nígbà òjò, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ní Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomaiko, ní Èkó, kì í sùn wọra. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ lóru, wọ́n á tan tọ́ọ̀ṣì, wọ́n á lọ wo ẹnu ọ̀nà bóyá omi ti ń wọlé. Ilẹ̀ ibẹ̀ rẹlẹ̀, ọ̀sà kò jìnnà, wọ́n sì ti fi yanrìn dí ọ̀pọ̀ àbàtà tó máa ń gba omi dúró tẹ́lẹ̀. Òjò alára ò rọ̀ bíi tàtijọ́ mọ́. Epo, gáàsì àti èédú tí aráyé ń jó ló mú ayé gbóná. Afẹ́fẹ́ tó gbóná máa ń fa omi púpọ̀ mọ́ra. Ìgbà tó bá tú u sílẹ̀, àrọ̀ọ̀rọ̀dá ni. Èyí wà lára ohun tí à ń pè ní àyípadà ojú ọjọ́. Lọ́dún 2022, omíyalé pa èèyàn tó lé ní 600 ní Nàìjíríà.

Bí omi bá fà, a máa ń ka ohun tó bàjẹ́: bẹ́ẹ̀dì, fìríìjì, ìwé ilẹ̀. A kì í ka ẹ̀rù, ìbínú àti ìtìjú tó kù lọ́kàn. Lọ́dún 2021, àwọn olùwádìí gbé àbájáde iṣẹ́ wọn jáde lórí 10,000 ọ̀dọ́ ní orílẹ̀-èdè 10. Nàìjíríà wà níbẹ̀. Nínú 100 wọn, bíi 45 ló ní èrò àyípadà ojú ọjọ́ ń dí ìgbé ayé òun lọ́wọ́. Kì í ṣe ojo ló ń ṣe ẹni tí òjò ń já láyà. Ẹni tó máa tẹ́tí sí i ló nílò.

Ní Harare, ní Zimbabwe, oníṣègùn ọpọlọ kan, Dixon Chibanda, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan lọ́dún 2006. Irú oníṣègùn bẹ́ẹ̀ ò pọ̀ nílẹ̀ náà, ló bá kọ́ àwọn ìyá àgbà bí wọ́n ṣe lè tẹ́tí sí ẹni tó ń ronú jù. Orí bẹ́ǹṣì níta ilé ìwòsàn ni wọ́n ti ń gba àlejò. Àwọn tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ tán á wá máa pàdé lẹ́gbẹ́lẹ́gbẹ́, wọ́n á máa hun báàgì bí wọ́n ṣe ń tàkúrọ̀sọ.

Àwa náà ò ṣaláìní ẹgbẹ́. Àjọ wà, ẹgbẹ́ onílé wà, ẹgbẹ́ ọlọ́jà wà ní Alaba. Ohun tí kò sí ni ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí a ò ní fi sọ̀rọ̀ owó.

Ká ní láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú náà, Ìyá Ṣadé sọ pé, “Ẹ̀yin ìyá, bí òjò bá ti ṣú báyìí, ọkọ mi ni inú ń bí mi sí. Òun ló ra ilẹ̀ yìí.” Ẹ má dá a lóhùn pé, “Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, a ò ní rí i mọ́.” Àdúrà dára, èmi náà ń gbà á, ṣùgbọ́n àdúrà tí a fi pa ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu mọ́ kò ràn án lọ́wọ́. Ẹ bi í pé, “Ìyá Ṣadé, báwo ló ṣe máa ń rí lára yín?” Kí ẹ wá dákẹ́. Bó bá sunkún, ẹ jẹ́ kó sun ún. Kí ẹnikẹ́ni má gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé ìsọ̀ ẹlòmíì. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, nítorí bí àgbà bá ti sọ tirẹ̀ tán, wọn ò ní lanu mọ́.

Ẹni tí oorun ti dá lójú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, tàbí tó ń sọ pé ikú yá ju èyí lọ, kọjá agbára ẹgbẹ́. Ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà ní Yábàá, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1907, ń tọ́jú irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Kí òjò tó le, ẹ bá alága ẹgbẹ́ yín sọ ọ́: ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lóṣù ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀.