Ohun Tó Wà Nínú Ìgò Míńírà Yẹn Kì í Ṣe Míńírà

Gbogbo ìyá tó ní ọmọ iléèwé nílé ni ìkìlọ̀ yìí wà fún, pàápàá ẹni tí ọmọ rẹ̀ kò tíì pé ọdún mẹ́wàá. Ẹ má fi ìgò míńírà tàbí ike omi bu kẹrosíìnì, bẹntiróòlù, háípò, sódà tí wọ́n fi ń se ọṣẹ tàbí oògùn kòkòrò mọ́. Bí irú rẹ̀ bá wà nílẹ̀ nílé yín báyìí, ẹ dìde lọ gbé e kúrò kí ẹ tó ka èyí tó kù. Ìwé yìí ò ní sá lọ.

Ẹni tó bá mọ bí ọjọ́ ìyá ọmọ iléèwé ṣe ń lọ kò ní béèrè bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe ń dé inú ike. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí ìyá ti gbé omi ìwẹ̀ kaná. Ó ń fi ọwọ́ kan ro oúnjẹ tí yóò dì sínú fúláàsì, ó ń fi ìkejì wá ẹyọ ìbọ̀sẹ̀ kan tó sọnù. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ń sunkún pé tíṣà ní kí òun mú bébà aláràbarà wá, èkejì ò tíì fọ ẹnu, ọkọ̀ iléèwé sì ti ń tẹ fèrè níta. Tó bá di ọ̀sán, ìyá wà ní ṣọ́ọ̀bù. Tó bá di alẹ́, iṣẹ́ àṣetiléwá ń bẹ nílẹ̀, ọbẹ̀ ń bẹ lórí iná, yúnífọ́ọ̀mù ọ̀la sì wà nínú omi ọṣẹ. Ibẹ̀ ni iná mànàmáná tún ti lọ. Ẹni tí a rán lọ ra bẹntiróòlù jẹnẹrétọ̀ ò rí kẹ́ẹ̀gì, ó bá mú ike omi tó ṣófo. Wọ́n rọ ọ́ tán, ó ṣẹ́ kù díẹ̀, wọ́n dé e, wọ́n gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìyá rí i, ó ní òun ó palẹ̀ rẹ̀ mọ́ bí ọwọ́ òun bá dilẹ̀. Ọwọ́ ìyá ọmọ kì í sì í dilẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn ọmọ dé láti iléèwé. Omi tí wọ́n gbé lọ ti tán láti ìgbà ìsinmi, oòrùn sì ti lù wọ́n bọ̀ lọ́nà. Ọmọ tí òùngbẹ ń gbẹ báyẹn kì í gbóòórùn ohun tó gbé sẹ́nu kó tó gbé e mì. Ó rí ike tó mọ̀, ó rí ohun tó dà bí omi nínú rẹ̀, ó ṣí i, ó gbé e sẹ́nu. Ìgbà tó bá máa fi mọ̀ pé ẹnu òun ń ta òun, ó ti gbé ìkejì mì.

Òótọ́ ni pé àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ni irú ìjàǹbá yìí máa ń bá jù. Ṣùgbọ́n ta ló ń bu omi fún wọn nígbà tí ìyá ò sí nítòsí? Ẹ̀gbọ́n wọn tó wà ní pírámárì ni. Òun ló lágbára láti ṣí ìdérí, òun la sì ti kọ́ pé kó máa tọ́jú àbúrò rẹ̀. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ọmọ ọdún méje sì mọ ibi tí àpótí ìjókòó wà. Ó lè gùn ún, kó mú ike, kó sì fi inú rere rọ májèlé sí kọ́ọ̀pù fún àbúrò rẹ̀. Ọmọdé ò mọ oògùn, ó ń pè é lẹ́fọ̀ọ́.

Ọ̀nà tí àwọn nǹkan yìí ń gbà ṣe ọmọ léṣe yàtọ̀ síra, ó sì yẹ kí ìyá mọ̀ ọ́n, nítorí ibẹ̀ ni òye ohun tó yẹ ká ṣe ti ń wá.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lórí kẹrosíìnì àti bẹntiróòlù. Ọ̀pọ̀ rò pé inú ni wọ́n ń bàjẹ́, ẹ̀dọ̀fóró gan-an ni ọ̀tá wọn. Kẹrosíìnì fúyẹ́, ó ń yọ̀. Bí ọmọ bá gbé e mì tó sì wúkọ́ tàbí tó bì, díẹ̀ nínú rẹ̀ á sá gba ọ̀nà èémí. Díẹ̀ náà ti tó láti dá ẹ̀dọ̀fóró lẹ́gbò. Ọmọ lè máa ṣeré ní wákàtí àkọ́kọ́ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é. Tó bá yá, ikọ́ á dé, ibà á tẹ̀ lé e, yóò máa mí gúlegúle, ihò imú rẹ̀ á máa fẹ̀, oorun tí kò ní ìdí á sì gbé e lọ. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi máa ń ní kí wọ́n fi ọmọ sílẹ̀ ní ọsibítù fún wákàtí mẹ́fà ó kéré tán, bí ó tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín.

Ti sódà tún burú ju èyí lọ. Àwọn tó ń se ọṣẹ mọ̀ ọ́n, àwọn aláàdìrẹ náà mọ̀ ọ́n, láti Ìtòkú ní Abẹ́òkúta títí dé Òṣogbo, nítorí òun ni wọ́n ń pò mọ́ aró. Tí wọ́n bá ti yọ́ ọ tán, tó sì silẹ̀, kò ní àwọ̀, ojú lásán ò lè yà á sọ́tọ̀ lára omi mímu. Iṣẹ́ òòjọ́ ni, àgbàlá kan náà tí a ti ń rẹ aṣọ ni àwọn ọmọ ti ń ṣeré. Ẹnu kan péré tí ọmọ bá gbé mì nínú rẹ̀ á jó o láti ètè dé ikùn. Bí Ọlọ́run bá bá wọn ṣe é tí ẹ̀mí ò bọ́, ìyà ò tíì tán. Ojú egbò yẹn á máa jinná, á máa súnkì, ọ̀nà ọ̀fun á sì máa há. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọmọ tó ti ń jẹ àmàlà ò ní lè gbé ẹ̀kọ mímu mì mọ́. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé rọ́bà tí wọ́n dá ihò sí ikùn wọn fún ni wọ́n ń gbà rí oúnjẹ, tí wọ́n sì ń lọ síbi tí wọ́n ti ń bá wọn la ọ̀fun léraléra, nígbà mìíràn títí yóò fi di iṣẹ́ abẹ ńlá. Gbogbo èyí nítorí ike kan tí a ò kọ nǹkan sí lára.

Ní ti oògùn kòkòrò, Sniper àti òtápíàpíà kò gbọ́dọ̀ gbé inú ilé tí ọmọdé wà rárá. Kòkòrò oko ni wọ́n ṣe Sniper fún. Ní ọdún 2019, àjọ NAFDAC fòfin de títa ìgò rẹ̀ kékeré ní súpámákẹ́ẹ̀tì àti ní ọjà gbogbo, síbẹ̀ a ṣì ń rí i lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri. Ọmọ tó bá mu ún, itọ́ á máa dà lẹ́nu rẹ̀, yóò máa làágùn, yóò máa bì, dúdú inú ẹyinjú rẹ̀ á fún pọ̀, ẹran ara rẹ̀ á máa gbọ̀n, èémí á sì ṣòro fún un. Kò dìgbà tó bá mu ún. Ó ń gba awọ ara wọlé, ó sì ń gba imú wọlé. Ìyá tó wọ́n ọn sí yàrá nítorí aáyán, tó sì tẹ́ ọmọ síbẹ̀ lálẹ́, fẹ̀mí wewu.

Ìgbà mìíràn, ewu náà ò sí nínú ike, inú báàgì ló wà. Màmá àgbà wá kí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó so oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti ìtọ̀ ṣúgà rẹ̀ mọ́ inú ọ̀rá, ó tì í sínú báàgì, ó sì gbé báàgì sórí bẹ́ẹ̀dì. Àwọn ọmọ mọ̀ pé inú báàgì yẹn ni bisikíìtì ti máa ń jáde. Ẹyọ kan nínú oríṣi oògùn ìtọ̀ ṣúgà kan lè fa ṣúgà ara ọmọ kékeré wálẹ̀ títí tí yóò fi dákú. Oògùn tó ń mú ẹ̀jẹ̀ pọ̀ sí i tí a ń fún aboyún náà ńkọ́? Ó pupa, ó ń dán, súìtì gan-an ló jọ. Irin ló wà nínú rẹ̀, bí ọmọ bá sì jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀, ó lè gbẹ̀mí rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má pe oògùn ní súìtì láti fi tan ọmọ lò ó. Ọmọ tó gbà yín gbọ́ lánàá á wá súìtì yẹn lọ lọ́la. Bátìrì rìbìtì pẹlẹbẹ tó ń wà nínú rìmóòtù àti nǹkan ìṣeré náà ńkọ́? Bí ó bá há sí ọmọ lọ́fun, láàárín wákàtí méjì ó ti lè máa jó o níbẹ̀. Kò sí pé ká dúró kó bá ìgbẹ́ jáde.

Bí ó bá ṣẹlẹ̀ ńkọ́? Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí ẹ tẹ́tí dáadáa, nítorí ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe láti gba ọmọ là ló ń dá kún ọ̀rọ̀ náà. Ẹ má rọ epo pupa sí i lẹ́nu. Mo mọ̀ pé ohun tí a bá lọ́wọ́ àwọn ìyá wa ni, wọ́n ní epo ni ẹ̀rọ̀ májèlé. Epo kì í pa májèlé. Ọmọ tí ara rẹ̀ ò balẹ̀ lè fà á sínú ẹ̀dọ̀fóró, kí ìyọnu kan di méjì. Ẹ má fún un ní mílíìkì, ẹ má po iyọ̀ sómi fún un, ẹ má sì ti ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun pé kó bì. Kẹrosíìnì tó bá tún gba ọ̀fun padà ti rí ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lẹ́ẹ̀kejì. Sódà tó ti jó o nígbà tó ń lọ yóò tún jó o nígbà tó ń bọ̀.

Ohun tó yẹ kí ẹ ṣe nìyí: ẹ gba ohun tó kù lẹ́nu ọmọ, ẹ fi aṣọ mímọ́ nu ún. Bí ó bá dà sí i lára, ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, kí ẹ fi omi púpọ̀ àti ọṣẹ wẹ̀ ẹ́. Bí ó bá ta sí i lójú, ẹ máa da omi mímọ́ sí ojú náà fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán. Bí ọmọ bá ń tòògbé, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ má dá a dùbúlẹ̀ gbalaja. Lẹ́yìn náà, ọsibítù tààrà, ẹ má yà sílé ẹnikẹ́ni. Nọ́ńbà ìpè pàjáwìrì ni 112, ní Èkó 767 náà wà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí kẹ̀kẹ́ tàbí ọ̀kadà nítòsí, ẹ má jókòó de ẹnikẹ́ni. Ẹ mú ike tàbí páálí oògùn náà dání.

Nígbà tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì, òótọ́ ni kí ẹ sọ. Ìtìjú ń mú àwọn ìyá kan sọ pé ọmọ kàn ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, nítorí wọ́n ń bẹ̀rù kí ọkọ tàbí ìyá ọkọ má gbọ́. Dókítà á wá máa tọ́jú òtútù àyà tàbí ibà, nígbà tí májèlé ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹ sọ ohun tó mu, bí ó ti pọ̀ tó àti ìgbà tó mu ún. Èébú ò ní ṣe ọmọ ní nǹkan kan, irọ́ lè pa á. Ẹ̀yin bàbá àti ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ fi ìbéèrè ta-ló-jẹ̀bi sílẹ̀ di ìgbà tí ọmọ bá délé.

Lórí ìtọ́jú ilé, ẹni tó ń gbé yàrá kan ní ilé tí gbogbo ayálégbé kọjú síra wọn lè ní òun ò ní sítóò tí òun ó kó nǹkan sí. Kò pọn dandan kéèyàn ní sítóò. Àpótí onígi tó ní àgádágodo á gba háípò àti oògùn kòkòrò mìíràn tí kì í ṣe Sniper tàbí òtápíàpíà. Ìṣó tí a kàn sókè lára ògiri, níbi tí àpótí ìjókòó ò lè gbé ọmọ dé, á gbé báàgì màmá àgbà. Kẹ́ẹ̀gì aláwọ̀ dúdú tàbí búlúù, tí ìdérí rẹ̀ le, ni kí a máa fi ra kẹrosíìnì àti bẹntiróòlù, kó sì jìnnà sí iná. Kí aláàdìrẹ àti ọlọ́ṣẹ má fi sódà sílẹ̀ di alẹ́ nínú ohun tí kò ní ìdérí. Ẹ̀yin tó ń ta kẹrosíìnì, ẹ kọ̀ láti rọ ọ́ sí ìgò míńírà fún ọmọdé tí a rán wá. Ẹ ní kó padà lọ mú kẹ́ẹ̀gì wá.

Ọmọ náà ní ipa tirẹ̀. Ọmọ iléèwé mọ òfin, ó sì fẹ́ràn kó máa rán ẹlòmíràn létí òfin. Ẹ fún un ní ẹyọ kan ṣoṣo: ibi tí omi mímu wà nílé yìí nìyí, bí kò bá ti ibẹ̀ wá, a kì í mu ún, a kì í sì í bu ún fún àbúrò. Kí omi náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, nínú kúlà tàbí nínú ìkòkò, kí kọ́ọ̀pù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ọmọ tó dé láti iléèwé. Ọmọ tó bá omi nílé ò ní máa wá omi kiri.

Lálẹ́ òní, kí ẹ tó sùn, ẹ wọ ilé ìdáná, ẹ wọ ilé ìwẹ̀, ẹ dé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn àti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ lóṣòó sílẹ̀ títí ojú yín á fi bá ti ọmọ yín dọ́gba, kí ẹ wá wò yíká. Gbogbo ike tí ojú yín bá tó níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ tó o.