Bí a ṣe ń mọ iyùn tòótọ́ yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n pa láró

Ọ̀rọ̀ iyùn la fẹ́ kà lálẹ́ òní. Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ọ̀ṣọ́ lásán ni. Ọ̀rọ̀ owó ni. Owó àgbàdo, owó gàrí, owó epo là ń kó lọ ra iyùn. Ẹni tí kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò lè fi owó ọdún kan ra aró tí òógùn máa fọ̀ dànù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé wa. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fẹ́ lọ ilé ọkọ, ìyá wa mú iyùn ìyá bàbá wa jáde látinú àpótí. Okùn kan ṣoṣo ni. Ẹyọ kan pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, òmíràn fẹ́ jọ àwọ̀ ọsàn tó pọ́n. Wọn ò tóbi bákan náà. Àwọn kan tiẹ̀ ní ihò kéékèèké lára, bí ẹni fi abẹ́rẹ́ gún wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun ò lè fi nǹkan tó ti ṣá sọ́rùn níwájú àwọn àna òun. Ó kó owó gàrí ọdún méjì, ó di ọjà ìlú ńlá. Ó ra okùn méjì tó pupa fòò. Gbogbo ẹyọ rẹ̀ dọ́gba, àfi bí ẹni pé ìyá kan ló bí wọn lọ́jọ́ kan náà. Ẹni tó tà á búra fún un pé iyùn gidi ni.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, oòrùn mú. Wọ́n jó, wọ́n làágùn. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ọrùn aṣọ funfun ẹ̀gbọ́n mi ti pọ́n. Ẹnì kan kígbe pé ìyàwó fara pa o! Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Aró iyùn ló ń bọ́.

Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló dùn mí jù. Ṣáájú ìgbéyàwó náà, ọkùnrin kan tó ń ra nǹkan àtijọ́ kiri ti wọ ilé wa. Ó rí iyùn ìyá àgbà. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó ní rọ́bà àtijọ́ ni, pé nítorí àánú lòun ṣe máa fún wa ní 2.000 fárànkì. Ìyá wa ti ń nawọ́ gba owó náà. Bàbá wa ló ní ohun ìyá òun kò ní jáde nílé. Lẹ́yìn náà la mú un lọ bá ìyá arúgbó kan tó ń sín ìlẹ̀kẹ̀ ní Àjàṣẹ́. Ìyá náà fi í kan ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó gbé e sí oòrùn, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní: «Ẹ wá olówó mìíràn lọ o, èmi ò lówó èyí.»

Ẹ rí i pé àìmọ̀ jẹ wá níyà nígbà tí à ń rà. Díẹ̀ ló kù kó jẹ wá níyà nígbà tí à ń tà pẹ̀lú.

Kí ni iyùn gan-an?

Iyùn ní ẹ̀ka bí igi, ṣùgbọ́n kì í ṣe igi. Ó le bí òkúta, ṣùgbọ́n kì í ṣe òkúta. Àwọn ẹ̀dá kéékèèké inú òkun ló ń kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, bí ikán ṣe ń kọ́ òkìtì. Egungun wọn ni. Ohun tó wà nínú ìkarahun ìgbín àti èèpo ẹyin adìẹ náà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó padà wá bá a.

Iyùn tó pupa látinú wá, èyí tí àwọn baba wa mọ̀, inú òkun Mẹditeráníà ni wọ́n ti ń wa púpọ̀ nínú rẹ̀. Òkun yìí wà láàárín Áfríkà àti Yúróòpù. Ní ilẹ̀ Itálì, ìlú kan ń jẹ́ Torre del Greco. Iṣẹ́ iyùn ni wọ́n fi mọ ìlú náà láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn oníṣòwò Pọtogí wà lára àwọn tó kó iyùn wá sí etí òkun wa nígbà àtijọ́. Iyùn yìí kì í tètè dàgbà. Lọ́dún kan gbáko, kì í fi mìlímítà kan sanra sí i. Ẹ wo ìlà kékeré tó wà lára rúlà tí a fi ń fa ìlà nínú ìwé wa: àlàfo láti ìlà kan sí èkejì ni mìlímítà kan. Nítorí náà, ẹyọ iyùn tó sanra tó orí àtàǹpàkò ti pẹ́ nínú omi ju ọjọ́ orí ẹni tó dàgbà jù nínú kíláàsì wa lọ. Ìdí nìyí tó fi wọ́n.

Nígbà tí nǹkan bá wọ́n, àwọn èèyàn á wá èyí tó jọ ọ́. Iyùn kan wà nínú òkun tó funfun, tó ní oríkèé bí oparun. Iyùn oparun ni wọ́n ń pè é. Wọ́n máa ń gé e, wọ́n á lu ihò sí i, wọ́n á sì rẹ ẹ́ sínú aró pupa. Ẹni tó ń tà á lè búra pé inú òkun ló ti wá, kò sì parọ́. Àwọ̀ rẹ̀ ló ń parọ́. Àwọn mìíràn ń fi egungun ẹran ṣe é, wọ́n á pa á láró. Àwọn kan ń fi ìgò ṣe é, àwọn kan ń fi rọ́bà ṣe é.

Ẹ gbọ́ o, mi ò sọ pé ìlẹ̀kẹ̀ onígò kò dára. Sẹ̀gi tí àwọn ọba ń lò, ṣé kì í ṣe ìgò ni? Ní Ilé-Ifẹ̀, nínú igbó Olókun, wọ́n ti wú ìkòkò tí àwọn ará àtijọ́ fi ń yọ́ ìgò láti fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni. Ohun tí mo kọ̀ ni kí wọ́n gba owó iyùn lọ́wọ́ wa, kí wọ́n fún wa ní ìgò.

Bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò

Ẹ má ra iyùn lálẹ́. Ẹ má rà á lábẹ́ iná mànàmáná tó pupa. Ẹ gbé e síta, sínú oòrùn.

Ẹ kọ́kọ́ wo gbogbo okùn náà. Ṣé àwọ̀ gbogbo ẹyọ dọ́gba pátápátá? Ẹ̀dá Ọlọ́run kì í dọ́gba tó bẹ́ẹ̀. Nínú àgbàdo orí ọmú kan náà, ẹ ò ní rí hóró méjì tó jọra délẹ̀. Bí okùn kan bá jọra láti orí dé ìdí, tí owó rẹ̀ sì kéré, ẹ fura. Òótọ́ ni pé olówó lè ṣa iyùn gidi títí àwọ̀ wọn á fi bára mu, ṣùgbọ́n ìyẹn á wọ́n gan-an ni, wọn ò ní máa gbé e kiri nínú agbọ̀n.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ihò. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Aró dà bí omi, ibi tó bá rí ihò tàbí ibi tó bá sán ló máa ń sá sí. Nítorí náà, lára ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n pa láró, ẹnu ihò àti ojú sísán máa ń pọ́n jù, ó máa ń fẹ́ dúdú. Bó bá jẹ́ pé wọ́n pa á láró tán kí wọ́n tó lu ihò, ẹ̀yìn ara pupa ni, inú ihò funfun. Ẹ sún okùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ kí ẹ lè rí inú rẹ̀. Ẹ wo okùn náà pẹ̀lú: bí okùn funfun bá ti pọ́n níbi tí ìlẹ̀kẹ̀ jókòó sí, kí ló kùn ún? Àmọ́ ẹ má fi inú funfun nìkan dájọ́. Iyùn kan ń ti òkun Jàpáànù wá tí àárín rẹ̀ funfun láti ìbẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọ̀ pupa rẹ̀ kì í ṣe aró.

Lára iyùn gidi, bí ojú yín bá ríran dáadáa, ẹ ó rí ìlà tín-ín-rín tó tò síra wọn, bí ojú ìran òwú lára aṣọ híhun tó dán. Ìlà wà lára iyùn oparun náà, ṣùgbọ́n tirẹ̀ jìnnà síra, ó hàn kedere, aró sì máa ń dúró sínú rẹ̀. Ìgò kò ní irú ìlà yìí. Ohun tí ẹ ó rí nínú ìgò ni èéfọ́ kéékèèké bíi ti omi ọṣẹ, tàbí ojú ibi tí àpótí tí wọ́n fi dà á ti pàdé. Ibi tó bá sì ti ṣẹ́ lára ìgò á máa dán bí èérún ìgò ọtí.

Ẹ fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n. Ẹ fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ bíi ti ìyá Àjàṣẹ́. Iyùn tutù, ó sì wúwo díẹ̀. Ìgò náà tutù, ó wúwo. Rọ́bà fúyẹ́, kò sì pẹ́ tí á fi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Nítorí náà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ lè yọ rọ́bà kúrò, kò lè yọ ìgò, kò sì lè yọ iyùn tí wọ́n pa láró.

Fún aró, omi kan wà tí àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́. Àwọn tó ń sọ Faransé ń pè é ní dissolvant. Ẹ bi ẹni tó ń ta iyùn bóyá ó gbà. Bó bá gbà, ẹ fi òwú díẹ̀ tọ́ ọ, kí ẹ fi nu ẹyọ kan ṣoṣo nítòsí ìdí okùn. Bí òwú bá pọ́n, aró ni. Bí òwú bá mọ́, ẹ má tíì jó, nítorí pé aró kan wà tí kì í bọ́, wọ́n sì lè fi nǹkan dídán bo òmíràn lórí. Ẹ padà lọ wo ihò. Ẹ má sì tú omi náà nítòsí fìtílà o, ó ń tètè gbiná. Ó tún máa ń ba rọ́bà jẹ́.

Àwọn àgbà kan ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ dán an wò. Bí omi ọsàn bá kan iyùn, á hó wùrùwùrù, bí ó ṣe ń hó lára èèpo ẹyin. Ìgò àti rọ́bà kò ní hó. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ohun tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn: iyùn oparun náà á hó, ìkarahun á hó. Ọsàn kò mọ aró. Ó sì máa ń jẹ ara iyùn, kò ní dán mọ́. Ẹyọ tó ti fọ́ nìkan ni kí ẹ fi ṣe é, kì í ṣe ọjà ọlọ́jà.

Ọ̀rọ̀ perle

Àwọn ọmọ wa tó lọ ilé ìwé ń pe gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ ní perle. Bẹ́ẹ̀ ni Faransé ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n perle kan wà tó jẹ́ pé inú ẹ̀dá omi kan tó ń gbé láàárín ìkarahun méjì ló ti ń jáde. Púpọ̀ rẹ̀ funfun. Òmíràn dúdú tàbí eérú láti ìbẹ̀rẹ̀, bíi ti Tahiti. Wọ́n ń pa òun náà láró. Bí a ṣe ń wo ihò iyùn la ṣe ń wo tirẹ̀: bí àwọ̀ bá ṣù jọ sẹ́nu ihò, ẹ bi wọ́n léèrè.

Ẹ gba ìwé

Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi kò ṣe nìyí. Nígbà tó padà lọ sọ́jà, ẹni tó tà á ní òun kò mọ̀ ọ́n rí. Ìwé kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, kí ni yóò sọ? Ẹ̀yin ti mọ̀wé kọ báyìí. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ kọ báyìí, kí ẹni tó ń tà fọwọ́ sí i:

«Èmi ………, mo ta okùn iyùn kan fún ……… lónìí, ọjọ́ ……… Ẹyọ rẹ̀ jẹ́ 42. Owó rẹ̀ jẹ́ ……… fárànkì. Iyùn pupa ni, a kò pa á láró. Bí aró bá bọ́ lára rẹ̀, màá gbà á padà, màá sì dá owó náà padà.»

Bó bá kọ̀ láti fọwọ́ sí i, ẹ ti rí ìdáhùn yín, kò tiẹ̀ ní ná yín ní òwú.

Iṣẹ́ ṣíṣe

Ẹ da ìwé yìí kọ, kí ẹ fi orúkọ ara yín dí àlàfo rẹ̀. Ẹ ṣírò èyí pẹ̀lú: obìnrin kan ra okùn iyùn kan ní 42.000 fárànkì, ẹyọ 42 ló wà lórí rẹ̀. Nígbà tó délé, ó rí i pé 12 nínú wọn jẹ́ ìgò. Èló ló san lórí ìgò?

Lọ́jọ́ ẹ̀kọ́ tó ń bọ̀, kí olúkúlùkù mú ìlẹ̀kẹ̀ kan wá látilé. Èmi á mú òwú wá, mà á sì mú okùn méjì ẹ̀gbọ́n mi wá. Ẹni tí tirẹ̀ bá já sí rọ́bà, a ò ní fi í ṣẹ̀sín.