Ọmọ Mi Kò Tóbi: Ṣé HIV Ni?

Ìbéèrè: Ọmọ mi ti pé oṣù 9, àmọ́ ọmọ oṣù 6 tó wà ní yàrá kejì ti tóbi jù ú lọ. Àwọn ará ilé ti ń wò mí tìfura-tìfura. Ṣé HIV ló wà lára ẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Kò sẹ́ni tó lè fi ojú lásán mọ̀ ọ́n. Lóòótọ́, kòkòrò HIV máa ń bá àwọn sójà ara jà, ọmọ tó bá wà lára ẹ̀ lè má dàgbà dáadáa. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ tí kò tóbi ni kò ní HIV rárá. Nínú ìwádìí ìlera tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà lọ́dún 2018, nínú ọmọ 100 tí kò tíì pé ọdún 5, 37 ló kúrú ju ọjọ́ orí wọn lọ. Oúnjẹ tí kò pé, ìgbẹ́ gbuuru, ibà àti omi ìdọ̀tí wà lára ohun tó ń fà á. Àyẹ̀wò nìkan ló lè sọ ti HIV.

Ìbéèrè: Báwo la ṣe ń mọ̀ pé ọmọ ò dàgbà?

Ìdáhùn: Ẹ má fi wé ọmọ ẹlòmíì, káàdì tiẹ̀ ni kí ẹ wò. Tí ìlà tí nọ́ọ̀sì ń fà síbẹ̀ bá dúró lójú kan, tàbí tó ń lọ sílẹ̀, ẹ bi wọ́n léèrè. Wọ́n tún ní téèpù tí wọ́n fi ń wọn apá ọmọ láti oṣù 6 dé ọdún 5. Tí kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 11.5, ọ̀rọ̀ ti di kánkán. Ẹ ṣọ́ra fún ẹsẹ̀ wíwú o! Tí ẹ bá fi àtàńpàkò tẹ ẹsẹ̀ méjèèjì tí ojú ibẹ̀ sì jìn, ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà. Àwọn kan á ní ọmọ ń sanra.

Ìbéèrè: Ògì ló ń mu láàárọ̀ àti lálẹ́, ó sì ń yó.

Ìdáhùn: Omi ló pọ̀ jù nínú ògì ṣíṣàn. Ọmú nìkan ló yẹ ọmọ títí di oṣù 6, kò sí omi, kò sí àgbo. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ jẹ́ kí ògì ki, kí ẹ po ẹ̀pà lílọ̀ tàbí sóyà mọ́ ọn, pẹ̀lú epo pupa díẹ̀. Ẹ fún un ní ẹ̀wà, ẹja gbígbẹ lílọ̀ àti ẹyin, kí ẹ ṣì máa fún un lọ́mú. Wọ́n ní ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin á jalè. Irọ́ ni. Ẹyin tí wọn kò fún èmi náà ní kékeré, àgbàlagbà ló jẹ ẹ́.

Ìbéèrè: Èmi ìyá ẹ̀ ní HIV. Ṣé kí n já a lẹ́nu ọmú?

Ìdáhùn: Ẹ má dá a ṣe. Ìyá tó ń lo oògùn HIV lójoojúmọ́ láìfo lè fún ọmọ lọ́mú. Oògùn yẹn ló ń dáàbò bo ọmọ. Ọmọ náà ní oògùn tiẹ̀ àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ọ̀tọ̀ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6. Àyẹ̀wò ojú ẹsẹ̀ tí àgbàlagbà ń ṣe lè tan yín jẹ kí ó tó pé oṣù 18, torí ohun tó ti ara ìyá wá ló lè hàn. Tó bá ní i, kí ó bẹ̀rẹ̀ oògùn kíá. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń padà sanra.

Ìbéèrè: Àbúrò mi ọmọ ọdún 2 ti rù kan eegun. Màmá wa ò fẹ́ lọ torí ẹnu ayé. Kí ni mo lè ṣe?

Ìdáhùn: Bá wọn lọ. Sọ fún wọn pé ẹ kàn fẹ́ lọ wọn ọmọ ni, kí wọ́n fúnra wọn bi nọ́ọ̀sì nípa àyẹ̀wò níkọ̀kọ̀. Àṣírí ni èsì ẹ̀. Tí kò bá sí HIV, wọ́n á wò ó bóyá ikọ́ ife tàbí nǹkan míì ni. Wọ́n lè fún un ní ẹ̀pà pípò inú ọ̀rá. Oògùn tiẹ̀ nìyẹn, ìwọ náà má bá a lá a. Mú káàdì ẹ̀ dání. Tó bá ń bì gbogbo ohun tó jẹ, tàbí tó kàn ń sùn tí kò jí dáadáa, ẹ má dúró de ọjọ́ ìwọ̀n.