Ohun Tí Ojú Rẹ Bá Rí Ni Kí O Kọ

Ìtirẹ́,
Sùúrùlérè, Èkó.

Àbẹ̀kẹ́ Òkín, ọmọ Ọlọ́fà, ọmọ àbúrò mi,

Ìwé rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo gbọ́ pé Yunifásítì Èkó ní Akọkà ti gbà ọ́ láti kọ́ ẹ̀kọ́ nípa sẹ́ẹ̀lì àti àbùdá, mo sì gbọ́ pẹ̀lú pé ẹkún ni o fi gba ìròyìn náà, nítorí pé ìṣègùn ni ọkàn rẹ fà sí, tí àwọn ará ilé sì ti ń pè ọ́ ní dókítà kí o tó jókòó ṣe ìdánwò. Nu ojú rẹ nù, ọmọ mi. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Èmi tí mo fi ọdún 31 tẹrí ba sórí maikirosikóòpù kò ní tàn ọ́ pé iṣẹ́ wa lówó lórí bíi ti dókítà, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí dókítà ń wá wá sí ẹnu ọ̀nà yàrá àyẹ̀wò wa. Ní July 2014, nígbà tí Dókítà Stella Adadevoh kọ̀ jálẹ̀ pé aláìsàn tó ti Làìbéríà wá kò ní jáde nílé ìwòsàn, ìfura ni ó ní lọ́wọ́. Yàrá àyẹ̀wò tó wà ní Ìdí-Àràbà ni ó kọ́kọ́ fi hàn pé Ebola ni lóòótọ́. Ikú mú akọni obìnrin náà lọ ní August 19, ṣùgbọ́n ní October 20, wọ́n kéde pé àrùn náà ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Nàìjíríà.

Nítòsí yín níbẹ̀, ní Yábàá, ni ilé ìwádìí ìṣègùn ti ìjọba wà, níbi tí àwọn onímọ̀ tí àjọ Rockefeller ti Amẹ́ríkà rán wá ti tẹ̀dó ní 1925 láti wádìí ibà pọ́njú, àrùn tí ń dá ẹ̀mí ọ̀pọ̀ èèyàn légbodò ní etíkun wa nígbà náà. Ní 1927, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Asibi, ẹni ọdún 28, ní Kpeve ní ilẹ̀ Gánà. Wọ́n fún ọ̀bọ kan ní abẹ́rẹ́ rẹ̀, ọ̀bọ kú, Asibi yè. Adrian Stokes, ọ̀kan nínú wọn, kó ibà náà, ó sì kú ní Èkó ní September ọdún yẹn. Láti inú ẹ̀jẹ̀ Asibi ni Max Theiler ti mú àjẹsára 17D jáde ní 1937, òun náà ni ìyá rẹ gbé ọ lọ gbà ní Mùṣin nígbà tí o pé oṣù mẹ́sàn-án. Nítorí náà, ìgò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bá gbé fún ọ, tí nọ́ńbà nìkan wà lára rẹ̀, rántí pé ọmọ ẹnìkan ni.

Ọmọ Japan kan wà, Noguchi, tí òkìkí rẹ̀ kàn káyé, tó ti sọ pé bakitéríà ni ó ń fa ibà yìí. Àṣìṣe ni, fáírọ́ọ̀sì ni. Ibà náà gan-an ni ó pa á ní Àkìrá ní 1928. Èmi kò bú u, torí mo ti ṣe irú rẹ̀ rí. Nígbà òjò kan, mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo rí kòkòrò ibà màlàríà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọdé kan, nítorí pé gbogbo ọmọ tí wọ́n gbé wá lọ́sẹ̀ yẹn ni ó ní in. Ọ̀gá mi gbé gíláàsì tí ẹ̀jẹ̀ náà wà lórí rẹ̀ padà sábẹ́ awò, ó ní kí n ka ohun tí ojú mi rí. N kò rí nǹkan kan. A kì í fi ojú olójú ṣòwò ká jèrè, Àbẹ̀kẹ́. Ìwé àkọsílẹ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ kì í ṣe ojú rẹ, ìrètí olùkọ́ rẹ náà kì í ṣe ojú rẹ. Bíírò ni kí o máa fi kọ èsì, kí o má ṣe fi pẹ́ńsù kọ ọ́, kí o sì kọ ọ́ kí o tó dìde.

Yà sọ́dọ̀ mi ní Sátidé. Maikirosikóòpù mi àtijọ́ ti kúrò lórí àjà, mo ti nu awò rẹ̀ mọ́.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ.